Táyà Mẹ́rin Tí Mo Yàn fún Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Olùkọ́, ọmọ mi, bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga kí o tó ka ìwé yìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún. Dókítà sì ti sọ fún mi, pẹ̀lú irú ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ kékeré lẹ́kún, pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní lè gbé mi dé òpin ọdún yìí. Nítorí náà, n kò lè jókòó kí òótọ́ wá ká mi mọ́lé. Èmi ni kí n lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ohun tí gbogbo ènìyàn sọ fún ọ nípa ikú ìyá rẹ kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi kọ́ ló pa á. Bí ẹnì kan bá pa á, èmi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò mọ ibi tí àìmọ̀ mi parí sí, n kò sì mọ ibi tí ìkà mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rọ̀ mi bá lọ́ mọ́ra wọn, fara dà á. Orí tó ń kọ ọ́ ló dàrú.

O kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà náà, torí náà jẹ́ kí n mú ọ wọ ilé iṣẹ́ wa. Igi ni a ń gbìn sórí òkè, tí a ń tọ́jú títí yóò fi tó gé. Ìyá rẹ ló ń wọn igi. Á so okùn ìwọ̀n mọ́ ìbàdí, á gbé agolo ọ̀dà funfun lọ́wọ́, á máa sàmì sí èyí tó ti gbó. Ìyá Awọngi ni gbogbo wa ń pè é. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló máa ń gbé e gun òkè lórí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ rà fún ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Táyà rẹ̀ sanra, ó rọ̀ bí tìmùtìmù, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni a sọ ọ́. Èmi ni mo ń tọ́jú táyà gbogbo ohun tó bá ní táyà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lẹ táyà ọkọ̀ akẹ́rù; mo lè dúró lókèèrè kí n fi etí mọ èyí tó ń jò. Ìyá rẹ ló fún mi lórúkọ, ó ní Alága Táyà, gbogbo ilé iṣẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín mi. Oyè náà dùn mọ́ mi nínú, òun gan-an ló sì kó bá mi.

Nígbà tó yá, ojú táyà Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ tán. Ó wá ń yọ̀ lórí koríko bí ẹni tó tẹ ọṣẹ. Ọ̀gá wa ní kí a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbúrò mi ní táyà eléyín gígùn ni kí a rà, èyí tí eyín rẹ̀ máa ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ tí á sì gbá a mú, nítorí inú igbó rọ̀. Ọ̀gá ní kò jọ ọ́, pé òkúta ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà, eyín kúkurú tó le ni òun fẹ́.

“Òkúta á jẹ eyín gígùn yẹn tán kí oṣù mẹ́ta tó pé,” ni ọ̀gá wí.

“Ọ̀gá, ẹrẹ̀ á ti gbé èmi àti Ìyá Awọngi mì kó tó di oṣù mẹ́ta,” ni àbúrò mi fèsì.

Wọ́n fà á títí, wọ́n sì jọ yíjú sí mi. Ọ̀gá ní, “Alága, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Kí ni ká rà?”

Olùkọ́, n kò mọ̀. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni mo mọ̀. Ti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, atẹ́gùn ni mo máa ń fà sí i, n kò yan irú rẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló yẹ kí n sọ, kí n ní n kò mọ̀, ká wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé Alága á wá sọ pé òun kò mọ̀? Níṣojú ọ̀gá, níṣojú àbúrò tó ti ń wo ojú mi láti kékeré? Mo húkọ́ bí ẹni tó ń ro nǹkan ńlá, mo ní, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi.”

Èmi ni àkọ́bí nínú ilé wa. Bí àwọn àbúrò mi bá ń jà sí nǹkan, èmi ni mo máa ń dá a sí méjì, tí oníkálukú á gba tirẹ̀ tí ilé á sì tòrò. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, òun náà ni mo gbé lọ sí ilé ìtajà táyà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní eyín kúkurú méjì fún iwájú, kí inú ọ̀gá lè dùn, àti eyín gígùn méjì fún ẹ̀yìn, kí àbúrò mi lè sinmi ẹnu. Obìnrin tó ń tajà wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé ara táyà, ó fi ìka tọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i fún mi.

Ó ní, “Bàbá, eyín kúkurú yìí ga íńṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, eyín gígùn yìí ga íńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ̀ńjìnnì yẹn máa ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni. Tí iwájú bá ga ju ẹ̀yìn lọ, wọn á máa bára wọn jà. Mẹ́rin irú kan náà ni kí ẹ mú.”

Mo ní, “Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń lẹ táyà.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ọlọ́jà ń rín sí oníbàárà tí kò gbọ́ràn. Ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà pélébé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo fi bébà náà nu dúdú táyà kúrò ní ìka mi, mo sọ ọ́ nù lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé mo kà á? Mo kà á. Ṣé ó yé mi? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń wọ́ ara mi nílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn màá ní kò yé mi. Lọ́jọ́ mìíràn màá rántí pé inú mi kò dùn bí mo ṣe ń lọ sílé, mo sì mọ̀ pé ènìyàn kì í bínú sí ohun tí kò yé e.

Mo gbé wọn dé, inú ọ̀gá dùn, inú àbúrò mi dùn. Ìyá rẹ yí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ po, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Alága, bàtà rẹ̀ mà dára ju tèmi lọ!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àbúrò mi tọ̀ mí wá nídìí iṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń ṣe ọkọ̀ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ń fà mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ yà á sápá kan, á fẹ́ máa lọ tààrà.”

Mo ní, “Ara bàtà tuntun ni. Jẹ́ kó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.”

Ó gbà. Ṣé ọmọ ìyá mi á ní irọ́ ni mo ń pa? Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo lọ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?” Mo fi okùn rẹ̀ wọn gíga táyà, iwájú àti ẹ̀yìn. Ohun tí obìnrin ọlọ́jà yẹn sọ náà ni mo bá. Iwájú ga ju ẹ̀yìn lọ. Ó yẹ kí n lọ bá ọ̀gá nígbà yẹn kí n sọ pé mo ṣì í yàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn. Táyà Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í gbà ju márùn-ún lọ lójú géèjì tí a fi ń wọn atẹ́gùn, kó lè rọ̀, kó lè máa dì mọ́ ilẹ̀. Mo fa ti ẹ̀yìn dé méjìlá. Táyà wú, ó ga sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti iwájú dọ́gba. Ó le bí agbada irin. Mo fi ẹsẹ̀ ta á, ó ta ẹsẹ̀ mi padà. Mo wí fún ara mi pé ìṣòro ti tán.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni. Òjò ti rọ̀ ní òru, ilẹ̀ ṣì tutù. Wọ́n gbéra láàárọ̀, àbúrò mi níwájú, ìyá rẹ lẹ́yìn, agolo ọ̀dà lórí itan rẹ̀. N kò sí lórí òkè, torí náà ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ. Wọ́n ní ní ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́, táyà ẹ̀yìn gun orí gbòǹgbò igi kan, ó ta sókè, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dojú dé, ó sì yí lu àwọn méjèèjì. Àbúrò mi fi orí gbá òkúta. Irin jókòó lé ìyá rẹ láyà. Àwọn tó ń gé igi ló gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá sí ibi iṣẹ́ mi, ọ̀dà funfun ta sí i lára káàkiri.

Gbogbo ènìyàn ti sáré lọ sílé ìwòsàn. Èmi nìkan ló kù. Mo wo táyà ẹ̀yìn méjèèjì, wọn kò bẹ́, wọ́n ṣì wú gbandi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìṣó tẹ fáàfù, atẹ́gùn ń jáde ṣíí, ṣíí, mo ń fi géèjì wò ó títí ó fi bọ́ sí márùn-ún. Mo tún ṣe ìkejì. Olùkọ́, títí di òní, mo máa ń bi ara mi pé bóyá táyà kọ́ ló fà á. Koríko tutù, gbòǹgbò wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣubú pẹ̀lú táyà tó dára jù lọ láyé. N kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà pé táyà kọ́, kí ló dé tí mo tú atẹ́gùn? Ọwọ́ mi ti mọ ohun tí ẹnu mi kò fẹ́ sọ. O rí i pé èmi fúnra mi ni mo pa ẹ̀rí tí ì bá là mí lójú.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ wo ìyá rẹ. Wọ́n ti mú ọ jáde kí o lọ jẹun. Mo rí ọ ní kọ̀rídọ̀, o ń gé èékánná rẹ jẹ. Ìyá rẹ ń mí kúkurú kúkurú. Ó rí mi, ó fi ojú pè mí sún mọ́ ọn. Ohun tó sọ rèé, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

“Alága, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín, kò sáré o. Jẹ́jẹ́ la ń lọ. Ọkọ̀ náà ló ta wá dànù. Mo mọ̀ ọ́n, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ sọ fún un pé mo ní kò sáré.”

Mo ní, “Mo gbọ́.” Ó di ojú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó kú.

Láti ibùsùn ìyá rẹ dé ti àbúrò mi, ilẹ̀kùn méjì péré ló wà láàárín. Mo mọ iṣẹ́ tí ìyá rẹ rán mi, ó wà lórí ahọ́n mi bí mo ṣe ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e lórí. Ó dì mọ́ ọwọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀? N kò rántí nǹkan kan. Mo rántí pé a kúrò nílé iṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ni. Ṣé mo sáré ni?”

Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò ní ariwo nínú, n kò sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìyá mi ti sọ ìrántí ọjọ́ kan nù, ó wá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun wá a. Ojú rẹ̀ wà lára mi bíi ti ìgbà tó wà ní ọmọdé, tó máa ń bi mí bóyá òjò á rọ̀. Bí mo bá ní kò sáré, á bi mí pé kí ló wá fà á. Kí ni màá sọ?

Mo ní, “O sáré díẹ̀.”

Díẹ̀, ni mo sọ. Mo rò pé díẹ̀ kéré. Ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi sì jókòó tì í, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń ní kó má sunkún. Irú ènìyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ń bi ọ́ ni, torí n kò rí ẹlòmíràn bi.

Àwọn olùwádìí méjì dé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀kan fi géèjì wọn atẹ́gùn, ó bá márùn-ún, ó mi orí. Ó bi mí pé kí ló dé tí táyà iwájú kò fi jọ ti ẹ̀yìn. Mo ní, “Òkúta níwájú, ẹrẹ̀ lẹ́yìn.” Ó tún mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ọgbọ́n tuntun. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà kò mọ̀, òun náà kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí nípa àbúrò mi. Nígbà yẹn, àbúrò mi ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun sáré. Mo ní, “Ó fẹ́ràn eré láti kékeré.” Òótọ́ ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, kò sí ẹni tó lè bá a nídìí kẹ̀kẹ́. Mo fi òótọ́ àtijọ́ bo irọ́ tuntun mọ́lẹ̀, ó sì bò ó dáadáa. Wọ́n dá a dúró níṣẹ́. Èmi, wọ́n fi mí sílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìyókù, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún fọwọ́ kan ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ síbi gbogbo. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ó ní kí aládùúgbò bá òun fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, òun kò lè di ẹ̀mí ẹnikẹ́ni mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́dọọdún, tó ń tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà rẹ, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. O máa ń sọ fún un pé o ti dárí jì í. O kò mọ̀ pé bí o bá ti ń dárí jì í ni ẹ̀bi náà ń lẹ̀ mọ́ ọn sí i. Èmi mọ̀. Mo máa ń bi í pé, “Kí ni olùkọ́ wí?” á sì máa rò ó fún mi, èmi á máa mi orí.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀, àbúrò mi fẹsẹ̀ rìn nínú òjò fún wákàtí méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò fi ojú burúkú wò mí rí.” N kò lè sùn láti ọjọ́ yẹn. Mo gba àìsàn mọ́ra, n kò lè gba ìyìn yẹn mọ́ra.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo pè é, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, láti orí táyà dé orí ìyá rẹ. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Mo ti múra de ìgbájú pàápàá. Ó gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí.

“Ẹ̀gbọ́n, oògùn tí wọ́n ń fún yín ló ń yí yín lórí. Ẹ fẹ́ gba ẹ̀bi mi rù kí ẹ tó lọ. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo sáré. Mo rántí rẹ̀ báyìí. Mo rántí bí atẹ́gùn ṣe ń gbá mi lójú. Mo rántí bí Ìyá Awọngi ṣe ń pariwo pé, ‘Rọra! Rọra!’”

Olùkọ́, ìyá rẹ kò pariwo. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ. Òun ló sọ fún mi pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Ibo ni àbúrò mi ti rí atẹ́gùn yẹn? Inú “díẹ̀” tí mo fún un ni, ó fi ọdún mọ́kàndínlógún tọ́ ọ dàgbà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo búra, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń bu omi fún mi mu. Nígbà tó lọ tán, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì: àbí ìyá rẹ pariwo ni? Àbí èmi ni mo gbọ́ ọ sódì? Mo di orí mú, mo pe ọ̀rọ̀ ìyá rẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé tó ń ka áábídí, títí ó fi tún dá mi lójú. Torí kó má baà tún dàrú mọ́ mi lójú ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ìwọ tí o ń kọ́ ọmọ níwèé, kọ́ wọn kí wọ́n lè la ẹnu sọ pé, “N kò mọ̀.” Má jẹ́ kí àwọn ìyókù fi ẹni tó bá sọ ọ́ rẹ́rìn-ín. Ká ní mo sọ ọ́ níwájú ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá fi mí ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tán síbẹ̀.

N kò ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, síbẹ̀ mo ń bẹ̀ ọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo gbà. Bí o bá fẹ́ bú mi, wá bú mi kí etí mi tó di. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ ju ìdáríjì lọ. Àbúrò mi kò ní gba èmi gbọ́ mọ́ títí màá fi kú. Ìwọ ló máa gbà gbọ́. Nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ lọ́dún yìí, má sọ fún un pé o dárí jì í. Di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó tẹrí ba, kí o wí fún un pé, “Bàbá, ìyá mi ní ẹ kò sáré.” Bó bá jiyàn, tún un sọ. Bó bá sunkún, tún un sọ. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ rán mi nìyẹn, láti ilẹ̀kùn kan dé ìkejì, mo sì fi ọdún mọ́kàndínlógún dúró sí àárín. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi débẹ̀ mọ́. Bá mi jẹ́ ẹ.